Ohùn Tó Gba Ẹ̀yìn Páálí

Àwọn ará Redfern, àdúgbò kan nílùú Sydney ní Australia, a máa pe Dulcie ní òṣèré. Àṣìpè ni. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Fíìmù kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀, nígbà ọmọge, nípa ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú àti ọmọkùnrin òyìnbó tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, lásìkò tí àwọn ọmọ onílẹ̀, aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń wọ́de pé kí ìjọba dá ilẹ̀ àwọn padà. Ẹ̀dà kan péré ló kù, ó sì ti gbó débi pé ó ń rùn bí ọtí kíkan. Des, tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan fíìmù sára ògiri, sọ pé ìgbàkigbà ni fíìmù náà lè já.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ wò ó kún lọ́sàn-án Sátidé, ṣùgbọ́n ọkàn Dulcie ò balẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó kú lọ́dún tó kọjá, wà nínú fíìmù náà, ó dúró lórí àpótí, ó ń bá èrò ìwọ́de sọ̀rọ̀. Nínú àṣà wọn, a kì í pe orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, a kì í sì í fi ojú rẹ̀ hàn, àfi bí ará ilé rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Merle, opó rẹ̀, kò tí ì yọ̀ǹda. Ó wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Bó bá fi ìbínú jáde, ìdílé náà pín nìyẹn.

"Des, o ò ní gbàgbé?"

"Àǹtí, bó bá ti gun orí àpótí báyìí, páálí ni màá fi dí ojú ẹ̀rọ. Ẹ lọ wo bẹ́ ẹ ṣe ń fẹnu ko òyìnbó lẹ́nu."

"Iṣẹ́ ni mo ṣe níbẹ̀, aláìnítìjú!"

"Iṣẹ́ náà mà pẹ́ o, Àǹtí."

Wọ́n pa iná. Èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n bú ọlọ́pàá inú fíìmù. Dulcie ò rẹ́rìn-ín. Àpótí yẹn ló ń retí. Nígbà tó kàn án, Des fi páálí dí i, ara ògiri ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n páálí kì í dí ohùn.

"Ilẹ̀ yìí, ẹ ò rà á lọ́wọ́ wa!"

Ohùn òkú gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ojú nìkan ni wọ́n ti ń rò látọjọ́ yìí. Des sáré nawọ́ sí ẹ̀rọ. Dulcie bojú wẹ̀yìn.

Merle ti dìde. "Má pa á! Ẹ̀rù ti ń bà mí pé mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mú páálí yẹn kúrò."

"Àǹtí Merle, ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ní kó o mú un kúrò!"

Ó mú un kúrò. Dulcie lọ di ọwọ́ opó náà mú.

"Wò ó," ni Merle wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣẹ́ẹ̀tì burúkú yẹn náà ló wọ̀."

Ẹ̀rọ ń dún kẹrẹkẹrẹ. Dulcie ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn pé kí fíìmù má tí ì já, títí àbúrò òun yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fíìmù já.