Ìyá Méjì Lẹ́nu Géètì

Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòmú, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí nílé wa ni pé màmá mi ń kúnlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá pàdé àgbàlagbà lójú títì, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ ti bo ẹ̀rín yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan orúnkún mọ́lẹ̀ pátápátá, ì báà jẹ́ lórí yanrìn, ì báà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

“Ojú ti bò,” wọ́n ní. “Bí mi ò bá kúnlẹ̀ dáadáa, kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún òun?”

Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa Kòrónà lórí fóònù, mo mọ bó ṣe yẹ kí a fọ ọwọ́ àti bó ṣe yẹ kí a jìnnà síra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ìbòmú lè gba ẹ̀rín lọ́wọ́ èèyàn, kí èèyàn sì wá nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Mò ń retí kí wọ́n pè wá fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìpè náà kò sì dé nítorí òfin kónílé-ó-gbélé. Èmi àti màmá mi ti ìlẹ̀kùn ilé wa ní Addo, a kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, nítorí pé oyún rẹ̀ ti tóbi, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n tún lè ti ọ̀nà pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú ìyẹn. Nígbà tó wá bí ọmọbìnrin kan ṣáájú àsìkò, tí ọmọ náà kéré débi pé ìbọ̀sẹ̀ ń yọ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó pariwo ayọ̀ nínú wa. Jẹ́jẹ́ là ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Dókítà sọ fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ nílé ìwòsàn pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà kò tíì gbó dáadáa, pé ikọ́ lásán lè di nǹkan ńlá fún un, nítorí náà kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná sún mọ́ ọn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi, nítorí pé mi ò rí i ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èémí gbogbo èèyàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sín, màá yíjú wò bóyá ọmọ náà wà nítòsí. Bí èmi fúnra mi bá fẹ́ wúkọ́ nítorí ata tó ń ta lórí iná, màá sáré jáde síta, màá wú u sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà màá dúró níbẹ̀, màá máa bi ara mi léèrè bóyá ata ni lóòótọ́.

Ẹ̀rù ń ba màmá mi náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni tiwọn máa ń dà. Wọ́n ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún sísè ìbòmú. Àwọn fúnra wọn ló fi àjákù aṣọ rán an, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àwọ̀ tirẹ̀ kí a má baà gba ti ara wa lò. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń pa aṣọ dà. Àwọn ló ń wẹ ọmọ náà láràárọ̀, pẹ̀lú ìbòmú lójú, nínú yàrá tí a ò lè tan fáànù sí. Òógùn á mú kí ìbòmú náà lẹ̀ mọ́ wọn létè. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè mí.

“Ọmọ yìí kò tíì mọ̀ pé mo ní imú,” wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì ń da omi sí i lẹ́yìn. “Jẹ́ kó máa rò pé bí wọ́n ṣe ń dá ìyá àgbà nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n dẹ òfin díẹ̀, tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí a ń pè ní ìyá àgbà, wá láti Eleko létí òkun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí èmi ń pè ní Bọ̀dá, nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí, ọmọ yìí sì ni ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ń bọ̀. Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lójú títì, wọn ò rí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé nínú oòrùn pẹ̀lú agbọ̀n ẹja yíyan lórí. Ohùn wọn la kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu géètì.

“Ẹ kú ewu o.”

“Ewu iná kì í pa àwòdì,” màmá mi dáhùn láti inú ilé, wọ́n sì ń wá ìbòmú wọn.

Bọ̀dá ló ti sáré jáde ṣáájú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, ó dìde, ó sì mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti fi wo gbogbo wa lọ́sẹ̀ yẹn débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó na apá, ó kọjú ẹ̀rọ náà sí iwájú orí ìyá rẹ̀.

Ìyá àgbà fà sẹ́yìn. “Kí lo nà sí mi lórí yẹn?”

“Ẹ̀rọ lásán ni, Màmá. Wọ́n fi ń wo ara gbígbóná.”

“Ìbọn ni.”

“Kì í ṣe ìbọn, mà.”

“Ó ní ẹnu, ó ní ibi tí ìka ń fà, ó sì kọjú sí orí ìyá tó bí ọ. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ ní ẹ́sítéètì yín?”

Mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ géètì yí ojú sí ògiri. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

“Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé la ń wọ̀n, Màmá,” Bọ̀dá ní.

“Ìgbà tí mò ń rọbí rẹ, ta ló wọ̀n mí?”

Kò sí ẹni tí a tọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí yóò na nǹkan sí orí ìyá rẹ̀, mo sì rò pé ìgbà yẹn gan-an ni Bọ̀dá rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀rù méjì ló bà mí pọ̀. Mò ń bẹ̀rù pé ìyá àgbà á bínú padà sí Eleko, pé wọ́n á sọ pé ẹbí ìyàwó lé àwọn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà á sì máa tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi káàkiri. Mo tún ń bẹ̀rù pé wọn ò ní bínú, pé wọ́n á kàn wọlé. Mi ò mọ èyí tí ì bá dára jù.

Màmá mi jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí bíríkì tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu géètì, tó ti gbóná, orúnkún méjèèjì.

“Ẹ kú ìrìn oòrùn, ìyá wa.”

“Ẹ dìde, àna mi. Ilẹ̀ gbóná.”

“Mi ò dìde. Ẹ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ wọ̀n mí ná. Orí tèmi ni kó kọ́kọ́ kàn.”

Ìyá àgbà sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n gba ẹ̀rọ náà, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n di ojú kan bí ọdẹ. “Ṣé kò ní dún?”

“Á dún díẹ̀, mà,” ni Bọ̀dá wí.

Ó dún, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ó ní àna mi yè.” Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. “Ìwọ náà, dúró dáadáa, ọlọ́pàá.” Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n wọn mẹ́gáàdì. Wọ́n wọn èmi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà lé màmá mi lọ́wọ́. “Ó yá. Ẹ̀yin ni kí ẹ wo tèmi, kì í ṣe òun.”

Iná pupa ló tàn.

“Oòrùn ni,” Bọ̀dá yára sọ.

Màmá mi kò jiyàn. Wọ́n gbé àga sí ìbòòji mẹ́gáàdì, wọ́n bu omi tútù fún ìyá àgbà, wọ́n fún wọn ní ìbòmú tuntun, gbogbo wa sì dúró títí òógùn fi gbẹ lójú wọn. Wọ́n tún wọ̀n wọ́n. Pupa náà ni.

“Láti àná lara ti ń ro mí,” ìyá àgbà ní, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Mo ní ibà ni, pé tí mo bá gbé ọmọ, ayọ̀ á lé e lọ.”

Bọ̀dá ní, “Màmá, ẹ lo ìbòmú méjì, kí ẹ kàn yọjú wò ó lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá.” Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo wo màmá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé rárá. Gbogbo ara ni mo fi fẹ́ ẹ, tó fi jẹ́ pé inú ń bí mi pé wọ́n dákẹ́. Nísinsìnyí, mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún náà, ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Wọn ò fẹ́ fi rárá lé ìyá ọkọ ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

“Báwo ló ṣe tóbi tó?” ìyá àgbà bi wọ́n.

Màmá mi na apá kan, wọ́n fi ọwọ́ kejì kan ìgbúnwọ́. “Kò jù báyìí lọ.”

Ìyá àgbà wo apá náà. Wọ́n fa ìbòmú sókè dáadáa.

“Mi ò wọlé,” wọ́n ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá ìyàwó mi sunkún. Èmi kọ́ ni màá mú ẹ̀kẹta wá.”

Bọ̀dá fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí i, wọ́n ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, wọ́n fa àdìrẹ kan tó ti gbó tó sì ti rọ̀ jáde nínú ọ̀rá. “Aṣọ tí mo fi pọn ìwọ yìí nìyí. Òun ni mo fẹ́ fi gbé e.” Wọ́n gbé e sórí bíríkì, wọ́n sún sẹ́yìn kí màmá mi tó wá mú un. “Ẹ bá mi fi omi híhó fọ̀ ọ́, àna mi. Ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kí iná mú un dáadáa. Aṣọ lè wọlé.”

Màmá mi fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa ní Addo kí wọ́n má baà padà sí Eleko pẹ̀lú ara tó ń ro wọ́n. Bọ̀dá fẹ́ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò kúrò níbẹ̀ àfi tí aṣọ náà bá gbẹ. Oòrùn ọ̀sán yẹn kò fi àkókò ṣòfò. Màmá mi lọ aṣọ náà títí èéfín fi ń jáde lára rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n wé ọmọ náà sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí géètì. Ẹ̀gbọ́n mi fara ti ògiri lẹ́yìn wọn, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ìyá bàbá rẹ ló gbé ọ yẹn,” màmá mi sọ fún ọmọ náà, wọ́n sì gbé ohùn sókè kó lè dé ìta. “Èmi kàn ń bá wọn dì ọ́ mú ni.”

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ọmọ náà láti ìdí géètì. Wọ́n kì í, wọ́n kì í, ìbòmú náà ń wọlé, ó ń yọ síta bí wọ́n ṣe ń mí. Àwọn ará ilé kejì yọjú. Nígbà tó yá, ìyá àgbà bi wá.

“Ṣé ó ń gbọ́?”

“Ó ń sùn, mà,” èmi ni mo dáhùn, òótọ́ sì ni.

“Ó ń gbọ́ lójú oorun,” màmá mi ní.

“Ẹ tún ẹja yẹn sè kí ìyàwó mi tó jẹ ẹ́,” ìyá àgbà ní, wọ́n sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Bọ̀dá, wọ́n yí gbogbo gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n dá wà títí ara á fi balẹ̀ pátápátá. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Addo, wọ́n á sì bi mí láti inú ilé bóyá ọmọ náà ti sanra. Ní gbogbo àsìkò yẹn, màmá mi kò fi aṣọ mìíràn gbé e. Bí àdìrẹ náà bá tutù, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á fi ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì títí á fi gbẹ. Mo ní kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù tuntun tó wà nínú àpótí gbé e ná. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀.