Róbọ́ọ̀tì Tí Kinuko Yàn ní Nipponbashi

Ọjọ́ Ajé ni àwọn onígbàjámọ̀ Ọ̀sákà máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ajé kan báyìí, Kinuko Tsukahara ti wọ bàtà tán, ó ti dé fìlà, ó dúró ti ọkọ rẹ̀ lórí bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Bàbá Chigusa, ẹ dìde! Wọn á tà á tán o!"

Yasuji la ojú kan. "Ta ló ń ra róbọ́ọ̀tì láàárọ̀ kùtù? Ìwọ nìkan lorí ẹ yí."

"Ó yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó dáa ló yí sí. Ẹ dìde."

Ẹni tó bá mọ Kinuko lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn kò ní gbà pé òun náà nìyí. Láti kékeré ló ti ń fi àlùmọ́gàjí jẹun, òun àti ọkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí àga wọn kọjú sí dígí kan ṣoṣo. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú nígbà òtútù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu tó wọ́ padà tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò tún le mọ́. Bó bá ti gbé nǹkan, á máa gbọ̀n. Onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ta ni yóò na ọrùn sí i? Òun fúnra rẹ̀ ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ló bá di ẹni tó ń jókòó síbi tí oníbàárà ń jókòó sí, tó ń ká táwẹ́ẹ̀lì. Yasuji á dá àpárá títí, òun á kàn ní "hẹn," á sì tún ká òmíràn.

Oníbàárà wọn kan, Ọ̀gbẹ́ni Nezu, ló mú wọn lọ wo ìjàkadì róbọ́ọ̀tì ní gbọ̀ngàn kan nígboro. Àwọn ọmọ irin tí wọn kò ga kọjá orúnkún ni, wọ́n lórí, wọ́n lápá, wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn olówó wọn sì ń fi rìmóòtù darí wọn. Ọ̀kan gbá ẹnì kejì rẹ̀ láyà, gbì! Èyí tí wọ́n gbá na sílẹ̀ gbalaja. Kinuko rò pé ó ti parí. Ni ọmọ irin náà bá yí ẹ̀gbẹ́ dà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó ká orúnkún, ó sì dìde nígbà tí adájọ́ ṣì ń kà.

Kinuko fò sókè. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi há.

Látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wá fá irùngbọ̀n á gbọ́ ọ títí ọṣẹ á fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Nipponbashi lọ́jọ́ Ajé náà, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ lóríṣiríṣi, ṣọ́ọ̀bù róbọ́ọ̀tì ò tíì ṣí. Wọ́n dúró títí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hibino fi gbé ìlẹ̀kùn irin sókè, tó sì tẹríba fún wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, Mama. Àwọn ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ara mi ni mo fẹ́ rà á fún," ni Kinuko wí.

Hibino rẹ́rìn-ín, ó sì gbé mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ funfun báláú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, wọ́n ti tò ó tán láti ilé iṣẹ́. Hibino tẹ bọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń ju ìbàdí. Yasuji pàtẹ́wọ́.

"Èyí nìyẹn! Ìyá Chigusa, wo bó ṣe ń ju ìdí. Á mú oníbàárà wá."

"Ṣé mo lè tì í?" ni Kinuko bi Hibino.

"Háà, rárá o, Mama! Bó bá ṣubú, ọrùn ẹ̀ lè kán. Ijó la ṣe é fún."

Kinuko ṣí ojú kúrò lára ẹ̀. Ó ti èkejì, ọ̀kan bíńtín tí oríkèé rẹ̀ kò pọ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó jábọ́. Hibino ló gbé e dìde.

Ẹ̀kẹta rèé, kò lẹ́wà rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, itan rẹ̀ ki pọ́pọ́. Kinuko fi ìka tì í láyà. Ó fà sẹ́yìn, ó dúró. Kinuko tún tì í, ó le díẹ̀ sí i. Ó ṣubú sẹ́yìn, pàá! Mọ́tò kéékèèké inú oríkèé rẹ̀ ké wíì, ó yí ara, ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ó dìde.

"Èyí ni!" Kinuko fi ọwọ́ lu tábìlì. "Èyí gan-an ni mo fẹ́!"

Hibino wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí tábìlì náà, ó rọ ohùn. "Mama, ẹ má bínú o. Ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú páálí. Ẹ̀yin lẹ máa tò ó. Àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ."

"Ṣé o gbọ́?" ni Yasuji wí. "Ọwọ́ yìí lo fẹ́ fi dé nọ́ọ̀tì bí hóró ìrẹsì?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti kábàámọ̀. Ojú Kinuko pọ́n.

"Ọwọ́ yìí náà ni. Táwẹ́ẹ̀lì ni kí n máa ká kú? Bí mo bá dé e lẹ́ẹ̀kan tí kò wọlé, màá tún dé e."

Yasuji họ orí. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Hibino. "Ọmọ mi, bí egungun apá kan bá ṣẹ́, ṣé ẹ máa ń ta ẹyọ kan?"

"A máa ń tà á, Bàbá."

"Ó dáa. Agbárí pupa ni kí o fún wa."

"Búlúù!" ni Kinuko kígbe. "Ta ló ni ín?"

Búlúù ni wọ́n gbé lọ sílé.

Iṣẹ́ dé. Nọ́ọ̀tì já bọ́ sínú ẹní, wọ́n dọ̀bálẹ̀ wá a. Kinuko á di sukudiráfà mú, á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tún mú un. Yasuji á di egungun irin náà mú fún un, á máa kùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti jáde, ẹ̀yìn ilé ló ń sáré gbà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tò ó tán, orúnkún òsì ká sẹ́yìn bíi ti adìyẹ. Kinuko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tú gbogbo ẹsẹ̀ náà palẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ kò yé gbọ̀n. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ báyìí tí ó ń gbọ̀n ni.

Nígbà tí wọ́n wá tan róbọ́ọ̀tì náà, tó dìde lórí tábìlì láàárín abọ́ udon méjì, kò sí ẹni tó rántí oúnjẹ mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ jà ní gbọ̀ngàn náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbé òmìrán róbọ́ọ̀tì dúdú kan jáde sí i. Òmìrán náà gbé e ṣánlẹ̀. Ó dìde. Òmìrán tún gbé e ṣánlẹ̀, ó tún dìde. "Gbá a lẹ́sẹ̀, Ìyá Chigusa!" ni Yasuji ń ké, ó ti gun orí àga. Kinuko tẹ rìmóòtù, agbárí búlúù tẹ̀ ba, ó kan òmìrán náà lórúnkún. Òmìrán ṣubú bí igi ọ̀pẹ, kò sì lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ títí adájọ́ fi kà á tán. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹríba fún Kinuko. Kinuko tẹríba fún un, ló bá dì mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹni tó tẹ̀lé e nà wọ́n pátápátá. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn lọ sílé, Yasuji gbé páálí náà lé itan bí ọmọ tuntun.

"Apá rẹ̀ ló kúrú," ó ní. "Ká lọ ra èyí tó gùn."

"Apá kọ́, ẹsẹ̀ ni. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ìjà."

"Èmi? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá ẹsẹ̀?"

Wọ́n jiyàn débi pé ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀ kọjá wọn.