Awin Nínú Sikóònù Màmá Tíṣà

Nígbà tí mo kéré, tí mi ò tíì mọ̀ pé irọ́ lè pẹ́ láyé ju ẹni tí a pa á fún lọ, ilé wa àti ilé Màmá Tíṣà fara kanra ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yìn ọdún 1980 ni mo ń wí yìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Ilé ìwé míṣọ́n ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sikóònù, àkàrà òyìnbó kékeré tó máa ń ní èso gbígbẹ nínú. Ẹ má rò pé ó ní ààrò ìgbàlódé o. Ìkòkò irin ni: yanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, abọ́ páànù lórí yanrìn, ẹyin iná lábẹ́, ẹyin iná lórí ọmọrí. Òórùn bọ́tà á fo ọgbà wá bá wa níbi tí a ti ń mu gààrí, gààrí tó ń dùn lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ á sì wá dà bí ìyà.

Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, nítorí náà ó sọ mí ní "Ojú mi." Bó ṣe ń pè mí láàárọ̀ nìyẹn: "Ojú mi, ṣé o ti jẹun?" Ọmọdé mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná yẹn. Èmi ni mò ń sọ fún un bí iná bá ń di eérú, èmi ni mò ń ṣa igi wẹ́wẹ́ kúrò lára èso àjàrà gbígbẹ tí à ń pè ní résìnnì. Òun a máa fi orí ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà, á ní, "Má fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án o. Àtẹ́lẹwọ́ gbóná, bọ́tà á yọ́, sikóònù á sì le." Tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Ojú ti ń lọ," á wí, á rẹ́rìn-ín, "ahọ́n ò lọ."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba. Lọ́dún kan, ọmọ náà kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wálé ṣe ọdún Àjíǹde. Ó ti pẹ́ tó ti wá gbẹ̀yìn. Ó ní sikóònù ìyá òun ni òun fẹ́ kọ́kọ́ jẹ, ó sì fi agolo résìnnì kan rán ẹnìkan ṣíwájú, torí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n lọ́jà wa. Màmá gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa ṣa á sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ṣa á. Mo ṣa á sẹ́nu. Ẹyọ kan lónìí, ẹyọ mẹ́ta lọ́la, mo ń sọ fún ara mi pé kò lè hàn. Nígbà tó fi máa ku ọ̀sẹ̀ kan, ìdí agolo ti ń wò mí. Àsìkò awin ni. Mo ra awin lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ti Imùṣin wá tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa. Mo fọ́ èèpo dúdú rẹ̀, mo bó ara rẹ̀ kúrò lára kóró, mo fi ìka yí i róbótó-róbótó, mo sì dà á sínú agolo. Lójú tèmi, ó jọ résìnnì. Màmá kò sì ní ojú mìíràn ju tèmi lọ.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó ní ká kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ dán wò. Nígbà tó jinná, ó bu ọ̀kan jẹ. Ó tún bù ú jẹ.

"Ó kan," ó wí. "Àbí ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo fún sínú mílíìkì kó lè wú ló pọ̀ jù? Ojú mi, tọ́ ọ wò, kí o sọ òótọ́ fún mi."

Mo tọ́ ọ wò. Ó kan débi pé eyín kan mí.

"Ó dùn, Mà," mo dáhùn. "Bó ṣe máa ń dùn náà ni."

Kò bá mi jiyàn. Ó rọra gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ bo abọ́. "Á jẹ́ pé ahọ́n náà ti lọ nìyẹn." Ó ní kí n kó èyí tó kù fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ewúrẹ́ ni mo kó o fún.

Ọmọ rẹ̀ dé lóòótọ́. Búrẹ́dì tí a rà ni Màmá gbé kalẹ̀ fún un, èmi ni mo gbé tíì wá. Ọmọ náà wo tábìlì yíká. "Mọ́mì, sikóònù mi dà?"

"Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú kì í se oúnjẹ fún àlejò."

"Mọ́mì, èmi kì í ṣe àlejò." Omi ti lé ròrò sí i lójú. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìkòkò irin yẹn kò gorí iná mọ́. Adìyẹ wá ń yé sínú rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá láti jẹ́wọ́, bó bá sì ti ní, "Ojú mi, kí ló dé?" màá ní kò sí, Mà. Mo ń dá ọjọ́ fún ara mi bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ọjọ́ wà. Kí òjò ọdún kejì tó dá, Màmá ti sùn. Ọmọ rẹ̀ kò sì jẹ sikóònù yẹn mọ́ láyé.

Ayé ti yí padà. Résìnnì wà nínú ọ̀rá wẹ́wẹ́ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù báyìí, ẹ̀yin ọmọ sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sikóònù lórí fóònù, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni yá yín lójú. Mo ra ààrò tó ń lo gáàsì, mo ra bọ́tà gidi, síbẹ̀ mi ò rí ti Màmá ṣe. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi ti bá irọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí àsìkò awin bá ti dé, tí mo rí i lórí àtẹ, mi ò lè rà á. Mo kàn máa ń wí i lábẹ́ ẹnu: Màmá, ahọ́n yín kò lọ rárá. Ojú yín ló dà yín.