Láfún Tí Ìyá Àgbà Fi Ránṣẹ́

Òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta wà lára àwọn ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé yìí. Lẹ́yìn ilé ìyá tó bí ìyá mi, ní àárín Abẹ́òkúta, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń sá pákí tí wọ́n ti rẹ sínú omi títí tó fi kan, tí oòrùn yóò sì máa fà á gbẹ. Òórùn náà kan díẹ̀, ó le díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé wa. Ẹni tí kì í bá ṣe Ẹ̀gbá lè yínmú sí i, ṣùgbọ́n ní tiwa, òórùn ilé ni. Ìdí tí àpáta yẹn fi ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi.

Ọmọ méjì péré ni ìyá àgbà bí, ọkùnrin kan àti ìyá mi. Ọkùnrin yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti lọ sí Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń kọ̀wé sílé, nígbà tó yá a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ti wà ní kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì rán àbúrò ìyá àgbà lọ sí ìpàdé kan lọ́hùn-ún, ní ìlú tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìyá àgbà, òun sì ni gbogbo ìjọ Áńgílíkà wa ń pè ní Bàbá Ìjọ. Inú ìyá àgbà dùn débi pé wọn ò lè jókòó. Wọ́n sá láfún tuntun, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n sì fi àdìrẹ kan wé e. "Bá mi wá a kàn," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ ẹ́, á rántí ilé."

Ọjọ́ tí Bàbá Ìjọ dé, orúnkún ìyá àgbà ni mo fara tì, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo rí i," ni wọ́n wí. "Ó ti sanra, ó ti fẹ́ òyìnbó. Ó ní láfún yẹn ń rùn, pé kí n gbé e kúrò nílé òun. Ó ní kí ẹ má yọ òun lẹ́nu mọ́." Ìyá àgbà ò sunkún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò wọn pé ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, wọ́n sì ní kí wọ́n pa àkùkọ tí wọ́n ń sìn de Kérésìmesì fún un. Ṣùgbọ́n wọn ò sá pákí sórí àpáta mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí àwọn ará oko bá gbé láfún wá láti Kọ́bapẹ́, wọn á pín in fáwọn ará ilé, wọn ò ní fẹnu kàn án. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá di àpẹẹrẹ ọmọkọ́mọ láàárín wa. Bàbá Ìjọ pàápàá máa ń fi í wàásù: "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ." A ó sì dáhùn pé àmín.

Ọdún wá gorí ọdún, ìyá mi kú, àbúrò mi obìnrin náà sì wọ Amẹ́ríkà lọ. Ẹnìkan fún un ní ẹ̀bùn Kérésìmesì kan, ike kékeré tí èèyàn ń tutọ́ sí kí wọ́n lè fi DNA rẹ̀ sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Eré lásán ló pè é. Nígbà tó ṣe, obìnrin kan pè é lórí fóònù. Iṣẹ́ obìnrin náà ni pé kó máa wá orúkọ fún àwọn tí wọ́n pa, tí wọ́n sì sin láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ti rí egungun ọkùnrin kan nínú igbó létí títì, wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Wọ́n yọ DNA nínú egungun náà, wọ́n fi í wé ti àwọn tó ti tutọ́ sínú ike tí wọ́n sì gbà kí wọ́n lò ó, ló bá bá ti àbúrò mi mu, bí ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ ìyá ìyá rẹ̀ ni. Itọ́ ìyá àgbà nìkan ló kù tó lè fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rín nígbà tí àbúrò mi sọ ọ́ fún mi. Mo ní Bàbá Ìjọ fojú ara wọn rí i. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, wọ́n ti rí egungun yìí kí wọ́n tó bí yín."

Mo gbé ike náà fún ìyá àgbà, mo ní àwọn kan fẹ́ fi itọ́ wọn bá wa wá ọmọ wọn. Wọ́n dì í mú títí, wọ́n ń wò ó. "Ṣé òun ló ní kí ẹ wá òun? Ó ṣáà ní kí n má yọ òun lẹ́nu." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tutọ́ sí i. Ẹnu wọn gbẹ, ó pẹ́ kí itọ́ náà tó tó.

Èsì dé. Òun ni. Nílẹ̀ wa, àgbà ló ń túfọ̀ ọmọ fún ìyá, Bàbá Ìjọ nìkan ló sì kù ní àgbà nínú ẹbí wa, torí náà mo lọ bá wọn nílé wọn ní Adigbẹ. Lọ́fíńdà ń ta sánsán ní pálọ̀ wọn. Mo ro ẹjọ́ náà fún wọn tán. Wọn ò béèrè ohun tó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ta ló ti gbọ́?"

"Ẹ ò rí i nígbà yẹn, Bàbá."

"Ìlú ńlá ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa dààmú ni."

"Láfún yẹn ńkọ́?"

"Ó ń rùn nínú báàgì mi. Pápákọ̀ òfurufú ni mo dà á nù sí."

Má bínú, ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè pe ọkùnrin yẹn ní "wọ́n" mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló fi sẹ́nu òkú, tó wá gbé fún ìyá òkú pé kó gbé e mì. Kò sì tíì tán. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Jẹ́ kí á sọ pé àìsàn ni, pé èṣí ló kú. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́." Kò sí ohun tó máa bàjẹ́ fún òun, lóòótọ́. Ìyá àgbà ni yóò gbé èébú tí ọmọ wọn kò bú wọn wọ inú sàréè.  Mo dìde kúrò nínú òórùn lọ́fíńdà náà, mi ò kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Ó ṣì ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé kí ọ̀rọ̀ náà má dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi fúnra mi ni mo tú u fún ìyá àgbà. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní wọ́n pa á ni, kò pẹ́ tó débẹ̀, kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò ké. Wọ́n ń ro nǹkan.

"Ìgbà tí àbúrò mi gbé láfún lọ, wọ́n ti bí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"A jẹ́ pé òun kọ́ ló ní láfún mi ń rùn."

"Òun kọ́, Ìyá."

Ìgbà náà ni wọ́n tó bú sẹ́kún, tí wọ́n ń fi oríkì pè é, oríkì tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ní kí n rẹ pákí. Àpáta tún funfun. Àbúrò mi ló lọ dúró níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi sórí sàréè lọ́hùn-ún. Bàbá Ìjọ náà wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, ó há Bíbélì mọ́ abíyá. Ìyá àgbà ò bú u. Wọ́n ní kí n gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá fún un. Ó ní òun ń gbààwẹ̀.

"Jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀."

Ó fọ ọwọ́. Ìyá àgbà jókòó kọjú sí i títí abọ́ fi mọ́. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ó ń rùn?"

"Kò rùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ṣì ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ odò àti orísun, mo máa ń dìde jáde. Ẹni tó fọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Bóyá wọn yóò mú un, bóyá wọn ò ní mú un. Ẹni tó sọ ọ́ di ọmọkọ́mọ lójú ìyá rẹ̀ la mọ̀, tá a ti ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀ láti kékeré. Ìríra rẹ̀ kò tíì tán lára mi, mi ò sì fẹ́ kó tán.