Kí Ará Ìsàlẹ̀ Tó Fín Oògùn

Comfort Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ní í fi í gbọgbẹ́. Ìyàwó mi nìyẹn, ìyá Tọ́lá. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, obìnrin náà dà mí láàmú.

Mo rántí ìgbà tí a kó dé ilé tí a ń gbé ní Padova, ìlú òyìnbó yìí. Signor Beppe, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin, ló ń gbé nísàlẹ̀, ọgbà òdòdó rẹ̀ sì wà lábẹ́ balcone wa gan-an. Ẹ̀fọn Padova kì í mọ onílùú yàtọ̀ sí àlejò. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò tíì fẹ́, Beppe á gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, á máa fín in káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ìyá Tọ́lá ní ikọ́ fée, orí balcone yẹn náà ló sì ń sá ilá tí yóò fi ṣe òrúnlá sí. Lọ́jọ́ tí oògùn kọ́kọ́ ká a mọ́bẹ̀, àyà rẹ̀ dí, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ambulanza ló gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Tọ́lá tí a bí síbí ló sọ pé òfin wà. "Mamma, deve avvisare." Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fín oògùn níta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò, kí wọ́n lè ti fèrèsé, kí wọ́n kó aṣọ àti oúnjẹ wọlé. Ó lọ bá Beppe, Beppe gbà. Kí ló wá ṣe? Ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá! Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo rò pé wọ́n ń polówó ilé ni. Ó fín in, àyà ìyàwó mi tún dí.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Beppe ló gbà lọ, ó wọ́ èmi àti Tọ́lá tẹ̀ lé e.

"Tọ́lá, sọ fún bàbá yìí pé ilẹ̀kùn kọ́ ló ń wúkọ́, èmi ni. Kó gòkè wá, kó kí mi, kó tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà!"

Beppe wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Va bene, signora."

Ó sì ń wá lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀, torí Comfort kì í jẹ́ kí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wa lọ láìjẹun. Beppe á ní òun fẹ́ fín oògùn, Comfort á ní kó jókòó, á bu mọ́ínmọ́ín fún un. Kó tó jẹun tán, afẹ́fẹ́ á ti dìde, oògùn kò ní ṣeé fín mọ́. Á kùn sọ̀kalẹ̀, á tún wá lọ́jọ́ kejì, á tún jẹun. Ẹ̀fọn ń jẹ gbogbo wa.

Mo ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹni tó fẹ́ẹ̀ pa ọ́ lò ń bu oúnjẹ fún?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, bàbá Tọ́lá. Ẹni tó ti jẹun nílé mi, ojú á máa tì í láti pa mí."

"Ẹ̀fọn ńkọ́?"

"Ẹ lọ ra àwọ̀n."

Oògùn kọ́ ló pa ìyá Tọ́lá níkẹyìn. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Mo pe Ṣọlá àbúrò rẹ̀ ní Torino, mo pe Bùnmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Novara, mo pe gbogbo ẹbí nílé. Àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú lẹ ìwé òkú tó ní àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá, bí wọ́n ti ń ṣe níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, Beppe kan ilẹ̀kùn. Ó wọ kóòtù dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò kí mi, ariwo ló ń pa, Tọ́lá sì ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omijé: "Ó ní torí ẹ̀fọn, ẹ ní kí òun máa gun àtẹ̀gùn wá sọ. Ikú Signora wá jẹ́ ohun tí òun máa kà lára ilẹ̀kùn?"

Inú bí mi, àfi bíi kí n tì í sísàlẹ̀. Ta ni ì bá rán mi létí? Ẹni tó máa ń rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló kú. Mo ṣáà ní kó wọlé jókòó.

Ọjọ́ Friday ni. A sin ín láàárọ̀ yẹn.