Àwọn Ọkọ Mi Inú Rìsíìtì

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ ní Ìkòròdú, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ nígbà náà. Mo ṣí ilé oúnjẹ kékeré sẹ́bàá ibùdókọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni mò ń sè, ẹja Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ń kó sí i. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á padà wá. Ká má parọ́, àwọn ará agboolé ọkọ mi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń padà wá.

Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira nígbà tí akọ̀wé owó-orí dé láti káńsù. Ó ní gbogbo ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa já rìsíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó jẹun sí i, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ de òun. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá gún, òun á bu owó-orí lé e bó ṣe wu òun. Mo mọ̀ pé tó bá bù ú lé mi bẹ́ẹ̀, ilé oúnjẹ mi ti tì nìyẹn.

Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà, kíkọ kò ni mí lára. Orúkọ gan-an ni ìjàngbọ̀n. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kó tó wọlé. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wọ́n ló ń pè wọ́n, ọkọ rẹ̀ sì ni gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Lójú tèmi, ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ ti pè é náà nìyẹn. Torí náà, "Ọkọ mi Agùntáṣọọ́lò" ni mo kọ sí ti àbúrò ọkọ mi tó ga, "Ọkọ mi Eyínfúnjowó" ni mo kọ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Nígbà tí akọ̀wé padà dé, bó ṣe ń ṣí rìsíìtì ni ojú rẹ̀ ń tóbi.

"Màdáámú, ọkọ mélòó lẹ ní?"

"Ẹyọ kan ló fẹ́ mi. Àwọn yòókù bá a wá ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ òyìnbó ni ọ̀gá òun, ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún un? Kí n dárúkọ wọn gan-an. Mo ní ẹnu mi ò gbà á. Ó kọjú sí ìyàwó agboolé wa kan tó ń bá mi ho ewùrà.

"Orúkọ ọkọ mi lẹ fẹ́ kí n là mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan?" lèsì tìyẹn.

Ó ti ń yọ gègé láti bu owó-orí lé mi nígbà tí àwọn ọkọ wọlé wá jẹun ọ̀sán. Mo ròyìn fún wọn, wọ́n rín ẹ̀rín àrínkú. Akọ̀wé ní ó dáa, òun á ka orúkọ, kí olórúkọ dìde, kó sọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Agùntáṣọọ́lò dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Eyínfúnjowó rẹ́rìn-ín, akọ̀wé ò wá ẹ̀rí mìíràn.

Ó wá ku ẹyọ kan, Adúmáradán. Ẹ̀gbọ́n àgbà ọkọ mi ni. Ọmọ Ìkòròdú ló fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbé níyàwó, kì í ṣe èmi ará Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń pè é ní Adúmáradán láràárọ̀, kò sì dá mi lóhùn rí. Á jẹun, á sanwó, á máa lọ.

"Adúmáradán!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ìgbakọ sílẹ̀. Akọ̀wé tún un pè. Bàbá náà rọra nu ẹnu rẹ̀, ó dìde.

"Èmi ni," ó wí. "Ìyàwó wa ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

Ó wá sọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó palẹ̀ fáìlì rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo bu orí ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò sí abọ́ ọkọ mi Adúmáradán, ìyẹn ni mi ò sì kọ sí rìsíìtì kankan.