Ìdí Tí Abúlé Wa Fi Ń Wọ Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ìwé karùn-ún péré ni mo kà dé, ìwé kejì gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Síbẹ̀, ní abúlé wa tó wà lẹ́yìn Ìlọrin, èmi ni wọ́n ń pè tí lẹ́tà bá dé. Nítorí náà, àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, kó wà lọ́rùn mi.

Afárá onípákó orí odò wa ló kọ́kọ́ já. Awakọ̀ kórópe tó ń wá gbé iṣu wa lọ sí ọjà Ìpàta ní òun ò ní wa mọ́tò òun sódò. La bá ń ru iṣu dé títì. Aláboyún, ọ̀kadà ni. Ẹni tí ọ̀kadà ò bá lè gbé, àdúà ni.

A kọ̀wé síjọba. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó gbé fóònù tó fẹ̀ bíi wàláà dání. Ó ní kí wọ́n tó ṣe afárá, wọ́n fẹ́ mọ iye wa.

Ibẹ̀ la ti bà á jẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn àgbà wa gbà pé tó o bá ka orí, ikú náà á bá ẹ gbọ́ iye ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi baálé ilé àkọ́kọ́ pé ọmọ mélòó ló ní. Ìyẹn ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀." Ọkùnrin náà tẹ òdo. Nígbà tó kàn mí, èmi alákọ̀wé, mo ní, "Méjì."

Àṣé ìyàwó mi ń bọ̀ látodò, ọmọ kan wà lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́rin ń tẹ̀ lé e.

"Bàbá, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Àlejò ni wọ́n."

Ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn àlejò, ẹ wá sọ omi fún mi."

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan: a ò pọ̀ tó, afárá ò tọ́ sí wa. Èmi náà ni mo kà á sí àwọn ará abúlé létí níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀. Bí mo ṣe ń kà á, sálúbàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ débi pé mi ò rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé.

Mo ní, "Áfáà, orí ni wọ́n ní ká má kà. Ta ló ní ká má ka bàtà?"

Lèmọ́mù wa bi mí pé, "Ṣé inú ìwé kejì yẹn lo ti rí èyí?" Ló bá bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, ó jù ú sí mi.

Kó tó di ìrun Àsárì, mo ti lọ láti ilé dé ilé: ẹni kan, ẹsẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí ò tíì rìn, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Àpò ìrẹsì kan kún, a wá òmíràn. Ìyàwó mi kó ti ilé wa wá. Ó ní, "Ti àwọn àlejò nìyí o. Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba nítòsí Pọ́sọ́fíìsì Ìlọrin, mo dà á sílẹ̀ níwájú ọkùnrin onífóònù yẹn.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Àwọn tẹ́ ẹ ní wọn ò sí."

"A kì í ka bàtà níbí."

"Àwa náà kì í ka èèyàn. Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín."

"Ẹ kó o, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò kó o."

"Tí wọ́n bá wá fẹ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e wá bá wọn. Ẹ ṣáà mọ ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dé odò, kẹ́ ẹ bọ́ tiyín náà."

Mo jáde. Oòrùn ti gbóná, ọ̀dà títì sì ń jó ẹsẹ̀ òsì mi. Àwọn èèyàn ń yà fún mi, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀gún ti gún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì ra òmíràn lábúlé wa. Tiwa wà lọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n gbé e wá.